Páálí Kérésì fún ọmọ yín tó jẹ́ sójà ní òkèèrè: ọ̀nà wo ni kí ẹ gbà?

Ọmọ wà nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, wọ́n ti rán an lọ sí Kuwait, sí Djibouti, tàbí ó wà lórí ọkọ̀ ojú omi. Kérésì ń bọ̀, ìyá ti din chin-chin, gaari ti wà nílẹ̀. Ohun tó kù ni bí ẹrù náà yóò ṣe dé ọwọ́ ẹni tó ni ín kí ọdún tó kọjá, láì fọ́, láì jò, tí owó ìfiránṣẹ́ kò sì ní gbé ohun tó wà nínú páálí mì.

Ọ̀nà mẹ́rin ló wà. Èkíní ni páálí olówó kan, èyí tí USPS, ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, kọ Flat Rate sí lára: ohun yòówù tí ẹ bá kó sínú rẹ̀, iye kan náà ni. Èkejì ni páálí tiyín tí wọ́n máa gbé sórí òṣùwọ̀n kí wọ́n tó dá owó lé e. Ẹ̀kẹta ni ọjà tí ẹ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ilé ìtajà fúnra rẹ̀ fi ránṣẹ́. Ẹ̀kẹrin ni ọrẹ tí ẹ gbé fún àjọ tó ń kó ẹ̀bùn lọ fún àwọn ológun. Ojú ilé Yorùbá ni a fi wò wọ́n níhìn-ín. Àwọn ọmọ wa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wọ iṣẹ́ yìí: nínú ètò MAVNI, èyí tó ń gba àwọn àjèjì kan wọ iṣẹ́ ológun, tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 2008, tí wọ́n sì dá gbígba ènìyàn tuntun sí i dúró ní 2016, èdè Yorùbá wà lára àwọn èdè tí wọ́n ń wá. Oúnjẹ wa sì wúwo. Ìwúwo yẹn ló ń pinnu èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà

Ibi yòówù kí sójà wà, àdírẹ́sì rẹ̀ yóò ní APO, FPO tàbí DPO nínú. APO ni ti ọmọ ogun orí ilẹ̀ àti ti òfuurufú, FPO ni ti ojú omi, DPO sì ni ti ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba. Níbi tí a máa ń kọ orúkọ ìpínlẹ̀ sí, lẹ́tà méjì ni ẹ ó rí: AE fún Yúróòpù, Áfíríkà, Kánádà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn, AP fún ìhà Pàsífíìkì bíi Japan àti Kòríà, AA fún ìyókù ilẹ̀ Amẹ́ríkà lápá gúúsù. USPS ló ń gba ẹrù, tó ń fà á lé àwọn ológun lọ́wọ́. Àwọn oníkúríà bíi UPS àti DHL kì í wọ ibẹ̀ fúnra wọn. Ẹni tó bá ní òun lè bá yín fi DHL gbé e dé ẹnu ọ̀nà bárékè, ẹ má ṣe fún un lówó.

Ire tó wà nínú rẹ̀ ni pé owó ẹrù abẹ́lé Amẹ́ríkà ni ẹ ó san. Páálí tó ń lọ sí Djibouti lábẹ́ APO tàbí FPO kò ní gba owó ilẹ̀ òkèèrè lọ́wọ́ yín. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta gbé páálí láti ilé lọ sí irú àdírẹ́sì yìí. Owó òkèèrè ni yóò san, ẹrù náà yóò sì tún kọ́kọ́ la Amẹ́ríkà kọjá. Ó sàn kó fi owó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó wà ní Houston tàbí Maryland, kí onítọ̀hún ra nǹkan ní ilé ìtajà àwọn ará Áfíríkà nítòsí rẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ láti ibẹ̀.

Bí àdírẹ́sì ṣe máa ń rí nìyí (àpẹẹrẹ lásán ni nọ́ńbà rẹ̀):

SGT ORÚKỌ ÀTI ORÚKỌ BÀBÁ
UNIT 00000 BOX 0000
APO AE 09000

Kò sí orúkọ orílẹ̀-èdè níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sí. Àṣìṣe tó ń pọ̀ jù ni èyí: ènìyàn á fi inú rere kọ «Kuwait» sí ìsàlẹ̀ kí ó lè yé wọn dáadáa. Ọ̀rọ̀ kan yẹn lè ti páálí kúrò lọ́nà àwọn ológun sọ́wọ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ti Kuwait, níbi tí wọn kò mọ UNIT tàbí BOX. Ẹ kọ orúkọ tó wà nínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe orúkọ tí ẹ ń pè é nílé. Bí Olúwaṣeun bá ń jẹ́ Samuel nínú ìwé, Samuel ni kí ẹ kọ. Ẹ má sì ṣe gbé àwòrán páálí tí àdírẹ́sì hàn lára rẹ̀ sí Facebook tàbí WhatsApp ẹbí. Ibi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà àti ọjọ́ tí wọ́n ń padà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta.

Ọ̀nà mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Páálí olówó kan | Páálí tí wọ́n ń wọ̀n | Ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì | Àjọ |
|---|---|---|---|---|
| Ó yẹ fún | gaari, agolo, chin-chin, mílíìkì | ìpékeré, aṣọ, ohun fífúyẹ́ tó gba àyè | ohun tuntun tí ẹ kò fẹ́ dì | ẹ kò mọ sójà kan ní orúkọ |
| Oúnjẹ àfọwọ́ṣe | ó ṣeé ṣe | ó ṣeé ṣe | rárá | kì í sábà ṣeé ṣe |
| Ta ló ń kọ fọ́ọ̀mù kọ́sítọ́ọ̀mù? | ẹ̀yin | ẹ̀yin | ilé ìtajà | àjọ |
| Ibi tó ti sábà ń bàjẹ́ | páálí tó wú, tí ìdérí kò pàdé | iye tó ga ju bí ẹ ṣe rò lọ | ilé ìtajà tó ń lo UPS | ẹ kò lè yan ẹni tí yóò gbà á |

Páálí olówó kan

Fún ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, òun ni a máa yàn. Èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún àwọn ológun jẹ́ páálí ńlá tí inú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 12 ní gígùn, 12 ní fífẹ̀ àti 5½ ní gíga. Owó rẹ̀ dín díẹ̀ sí ti páálí ńlá kan náà tó ń lọ láàárín ìlú, ó sì lè gba ẹrù tó wúwo tó 70 pọ́ùn. Páálí fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni: ẹ lè mú un ní posọ́ọ́fíìsì, tàbí kí ẹ ní kí USPS kó àkójọ tí wọ́n ń pè ní Military Care Kit wá sílé, nínú èyí tí páálí, téèpù àti fọ́ọ̀mù wà pọ̀. Iye owó ìfiránṣẹ́ máa ń yí padà, nígbà mìíràn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, nítorí náà èyí tó wà lórí wẹ́ẹ̀bù USPS lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ lọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Iye tí ọ̀rẹ́ yín san ní èṣí lè ti di ìtàn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Àyè inú páálí ńlá yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 13. Bó bá jẹ́ gaari nìkan ni ẹ dà sínú rẹ̀, yóò gba nǹkan bíi kílò 8. Bó bá jẹ́ ìpékeré nìkan, kò ní gbà ju kílò kan àbọ̀ sí méjì lọ kó tó kún. Iye kan náà ni ẹ ó san fún méjèèjì. Ẹni tó fi páálí olówó kan gbé ìpékeré ń sanwó fún afẹ́fẹ́.

Ẹrù tó wọ inú rẹ̀ wẹ́kú nìyí: gaari kílò 2 (ọ̀rá kílò kọ̀ọ̀kan, méjì), chin-chin kílò 1, kúlíkúlí ààbọ̀ kílò, sàdíìnì agolo 6, Milo kékeré 20, mílíìkì oníyẹ̀fun 400 gíráàmù, ṣúgà oníhóró páálí kékeré kan, ata gbígbẹ lílọ̀ 100 gíráàmù, ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àti lẹ́tà. Gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 6. Ìbọ̀sẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́: òun ni ẹ ó fi dí àyè tó ṣẹ́kù láàárín àwọn agolo. Ẹ ra dúdú tàbí àwọ̀ ilẹ̀ tó bá bàtà iṣẹ́ rẹ̀ mu, kó lè rí i lò lẹ́nu iṣẹ́.

Ibi tí wọ́n ti ń dá ènìyàn padà ni ìdérí. Òfin páálí olówó kan ni pé kí etí ìdérí pàdé níbi tí wọ́n ṣe é sí. Ẹ lè fi téèpù dì í kó lágbára, ṣùgbọ́n ẹ kò lè fi téèpù mú páálí tó ti wú bí ikùn ológbò tó jẹ eku. Akọ̀wé posọ́ọ́fíìsì á ní kí ẹ yọ nǹkan kúrò, tàbí kí ẹ san owó ìwọ̀n.

Ti agbede-méjì náà wà, oríṣi méjì: ọ̀kan ga, ọ̀kan tẹ́. Èyí tó tẹ́ dára fún ìwé, aṣọ àti bisikíìtì Cabin. Èyí tó ga gba gaari, mílíìkì àti sàdíìnì dáadáa fún ẹni tí kò ní púpọ̀.

Páálí tí wọ́n ń wọ̀n

Níhìn-ín ẹ ó wá páálí tiyín. Ìpín méjì ló wà: Priority Mail, tó yára, àti Ground Advantage, tí owó rẹ̀ kéré, tó sì ń falẹ̀. Ní July 2023 ni Ground Advantage rọ́pò àwọn ìpín kan tó ti wà tẹ́lẹ̀, nítorí náà bí ìwé ìtọ́ni àtijọ́ kan bá ń dárúkọ Parcel Select Ground tàbí First-Class fún páálí, ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀.

Ìlànà wa ni pé: ẹrù tí kò tó pọ́ùn 5, ẹ wọ̀n ọ́n, èyí tó ju pọ́ùn 10 lọ, páálí olówó kan ni, èyí tó wà láàárín, ẹ fi ZIP (nọ́ńbà tó kẹ́yìn àdírẹ́sì) APO náà sínú ìṣirò lórí wẹ́ẹ̀bù USPS kí ẹ fi méjèèjì wéra. Òṣùwọ̀n ilé ìdáná tàbí èyí tí ẹ fi ń wọn àpótí kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú tó. Ẹ fi ìwọ̀n páálí òfìfo àti ìwé tí ẹ fún mọ́ ọn kún un. Ohun tí wọn kì í sọ fún ènìyàn ni pé Priority kò fẹ́ páálí gbàǹgbà tó fúyẹ́: bí àyè rẹ̀ bá ti ju ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóòró lórí gíga, wọ́n lè fi títóbi rẹ̀ dá owó dípò ìwúwo. Páálí bàtà ti tó fún ìpékeré.

Ẹ ṣọ́ra fún páálí tí ẹ gbà ní ilé ìtajà ọtí. Bí àmì ọtí bá ṣì hàn lára rẹ̀, wọn kò ní gbà á, kódà bó jẹ́ Bíbélì ló wà nínú rẹ̀. Ẹ bo àmì náà pátápátá, tàbí kí ẹ wá òmíràn.

Ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, àti káàdì

Amazon máa ń fi ọ̀pọ̀ ọjà ránṣẹ́ sí APO, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ohun tí ẹlòmíràn ń tà lórí Amazon sábà máa ń kọ̀. Ẹ fi àdírẹ́sì APO sí i kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yan ọjà, kí ẹ má baà fi wákàtí kan kó nǹkan jọ kí ẹ tó rí i pé ìdajì kò ní lọ. Ní ti àwọn ilé ìtajà oúnjẹ Áfíríkà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìbéèrè kan ni: ṣé USPS ni ẹ ń lò? Bí wọ́n bá ní UPS, ẹ kí wọn, ẹ máa lọ.

Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹ kò dì í, ẹ kò kọ fọ́ọ̀mù. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò sí ọwọ́ yín níbẹ̀. Chin-chin inú ọ̀rá ilé ìtajà kì í ṣe chin-chin ìyá.

Bí ọjọ́ bá ti lọ jù, káàdì ẹ̀bùn ilé ìtajà Exchange ló yá. Ẹnikẹ́ni ló lè rà á, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ológun. Sójà ló máa ná an ní ilé ìtajà tó wà nínú bárékè. Kò wúwo, kò jò, kò ní kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹ kàn wádìí ilé ìtajà tó wà níbi tó wà, nítorí ti ojú omi yàtọ̀ sí ti orí ilẹ̀ àti òfuurufú.

Àjọ

Bí ẹ kò bá ní sójà kan ní orúkọ, tí ẹgbẹ́ ìjọ tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yín kàn fẹ́ ṣe oore, ẹ má ṣe kọ «sí sójà yòówù» sórí páálí. Ilé iṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà ti fòpin sí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láti 2001, lẹ́yìn tí àwọn kan fi lẹ́tà gbé kòkòrò anthrax káàkiri. Gbogbo páálí gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹnì kan lórí. Ẹ gbé e gba ọ̀dọ̀ àjọ: USO, tó ti wà láti 1941, tàbí Operation Gratitude àti Soldiers' Angels, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2003. Owó, ohun tuntun tí wọn kò tíì já èdìdì rẹ̀, àti lẹ́tà àfọwọ́kọ ni àwọn àjọ báyìí ń fẹ́. Wọn kì í sábà gba oúnjẹ tí ẹ sè nílé, ẹjọ́ wọn kọ́, nítorí wọn kò lè dúró fún ohun tí wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹ wo àkójọ ohun tí wọ́n ń gbà lọ́dún yẹn kí ẹ tó rajà.

Ọjọ́

USPS máa ń kéde ọjọ́ ìkẹyìn fún Kérésì àwọn ológun lọ́dọọdún. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, Ground Advantage máa ń parí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, Priority ní nǹkan bí ọjọ́ 9 oṣù kejìlá, Express, tó yára jù, sì ní àárín oṣù kejìlá. Àwọn ZIP tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 093, tó pọ̀ níhà Kuwait àti agbègbè rẹ̀, kì í sábà ní Express rárá. Ọjọ́ ìkẹyìn yẹn kì í ṣe ọjọ́ tó dára. Àwa yóò ní kí Priority yín kúrò nílé láàárín ọjọ́ 10 sí 20 oṣù kọkànlá. Ní àsìkò tí kò sí ọdún, Priority lè lo ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta. Ground lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nínú oṣù kejìlá, gbogbo rẹ̀ ń gùn sí i. Ti ọkọ̀ ojú omi tún yàtọ̀: páálí máa ń dúró de ìgbà tí ọkọ̀ bá débi tí wọ́n ti lè kó o wọlé.

Fún Iléyá àti ọdún Ìtùnú Ààwẹ̀, USPS kì í kéde ọjọ́ kankan. Ẹ ka ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn fúnra yín, kí ẹ sì rántí pé ọdún méjèèjì ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 tètè dé ju ti èṣí lọ lọ́dọọdún, nítorí náà kàlẹ́ńdà èṣí kò ní ràn yín lọ́wọ́.

Kí ni kí ẹ kó, kí ni kí ẹ fi sílẹ̀?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ ó bi ọmọ ni: ṣé iná wà níbi tí o wà? Kì í ṣe iná mànàmáná, iná ìdáná. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní ju kẹ́tù omi gbígbóná tàbí máíkíróweefù lọ. Níhìn-ín ni gaari ti fi ẹ̀yìn èlùbọ́ gbálẹ̀. Gaari kò bẹ̀bẹ̀ fún ju omi tútù, ṣúgà àti kúlíkúlí lọ. Èlùbọ́ fẹ́ ìkòkò, orógùn àti ẹni tí yóò rò ó. Lórí bẹ́ẹ̀dì inú bárékè, ìyẹ̀fun lásán ni. Índómì àti Golden Morn ṣeé ṣe pẹ̀lú omi gbígbóná. Ẹ̀wà kò ṣeé ṣe.

Gaari Ìjẹ̀bú tó gbẹ dáadáa ló ń rin ìrìn-àjò. Ẹ gbé e sínú fíríìsà fún ọjọ́ mẹ́rin kí ẹ tó dì í, kí ẹyin kòkòrò inú rẹ̀ lè kú. Tí ẹ bá yọ ọ́ jáde, ẹ má ṣe ṣí ọ̀rá náà títí òtútù rẹ̀ fi kúrò pátápátá. Bí ẹ bá ṣí i ní tútù, omi inú afẹ́fẹ́ á dì mọ́ ọn, gaari á sì bu. Ọ̀rá onísípù méjì ni kí ẹ fi wé e, kí ẹ sì tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde.

Chin-chin tìrìn-àjò gbọ́dọ̀ le ju ti ilé lọ. Ẹ dín bọ́tà kù, nítorí bọ́tà ló ń kan nínú ooru. Ẹ din ín kó pọ́n, kí ẹ fi ìwé fa epo ara rẹ̀, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ mọ́jú kó tutù. Chin-chin tí wọ́n dì ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ á láàgùn nínú ọ̀rá, ní ọ̀sẹ̀ kejì á hu ewú. Bí ẹ bá ṣe é dáadáa, ó lè lo oṣù kan láìyí padà. Kókóró àti róbó náà lè rìn. Ààdùn kò lè rìn, epo pupa inú rẹ̀ ń jáde sára gbogbo ohun tó bá sún mọ́ ọn. Epo pupa fúnra rẹ̀, ẹ má tilẹ̀ dán an wò: ìgò kan tó bá ṣí lójú ọ̀nà yóò ba páálí àwọn ẹlòmíràn jẹ́. Ṣokoléètì fún Kuwait tàbí Djibouti jẹ́ owó tó yọ́ dànù.

Ọṣẹ àti oúnjẹ kì í gbé inú páálí kan náà láìsí ìyà. Ọṣẹ olóòórùn dídùn á wọ inú gaari àti mílíìkì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rá lásán kò sì lè dá a dúró. Ọṣẹ dúdú tún ń yọ omi. Òrí máa ń yọ́ nínú ooru, nítorí náà ẹ bù ú sínú agolo onídèérí yíyí, ẹ fi téèpù yí ìdérí ká, kí ẹ sì ti í bọ ọ̀rá. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ ya páálí kékeré kan sọ́tọ̀ fún ohun ìwẹ̀ àti ìpara.

Àwọn èyí kò gbọdọ̀ wọlé: ọtí, ọ̀dà èékánná, lọ́fínńdà tí ọtí wà nínú rẹ̀, agolo tí wọ́n ń fín, ìṣáná àti láítà. Páwà báǹkì àti bátìrì lítíọ́ọ̀mù tó dá wà náà kò gbọdọ̀ lọ. Bátìrì tó wà nínú ẹ̀rọ tuntun ni wọ́n lè gbà. Fóònù àlòkù tó ní bátìrì nínú jẹ́ wàhálà, ẹ fi í sílẹ̀. Èso tútù àti ewéko kò gbọdọ̀ lọ, nítorí náà kí bàbá àgbà má fi obì tútù pamọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ohun tó ní í nínú kò gbọdọ̀ wọ ọ̀pọ̀ àdírẹ́sì tó wà ní ilẹ̀ Mùsùlùmí. Ní irú ibẹ̀ kan náà, Bíbélì kan fún ìlò ara ẹni kò burú, ṣùgbọ́n ìwé àṣàrò ẹ̀sìn tó pọ̀ bí ohun tí wọ́n fẹ́ pín lè mú kí wọ́n dá páálí dúró. ZIP kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, USPS sì ṣe àkójọ rẹ̀ síta. Ẹ wo ti ZIP yín kí ẹ tó rajà, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti dì í.

Lórí àgbo, ẹ jọ̀wọ́. Èyí tí wọ́n fi ọtí ṣe ti lòdì sí òfin ìfiránṣẹ́. Èyí tí wọ́n fi omi ṣe á kan, á sì bú. Oníyẹ̀fun tí kò ní àkọlé ló léwu jù, nítorí wọ́n ń yẹ ìtọ̀ sójà wò, ọmọ kò sì ní lè ṣàlàyé ohun tó mu.

Dídì àti fọ́ọ̀mù

Ohun wíwúwo lọ sí ìsàlẹ̀ àti àárín, agolo kò gbọdọ̀ kan ara igun páálí. Tí ẹ bá dé e, ẹ mì í. Bí ẹ bá gbọ́ ohun kan tó ń lù, ẹ ṣí i kí ẹ sì fi ìwé ìròyìn tàbí aṣọ dí àyè náà. Kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ẹ fi ìwé kan tí àdírẹ́sì yín àti tirẹ̀ wà lórí rẹ̀ sínú páálí, nítorí páálí lè ya, àkọlé ìta sì lè bọ́. Téèpù fífẹ̀ ínǹṣì méjì lórí gbogbo ojú ìpàdé. Téèpù ìwé kò tó.

Fọ́ọ̀mù kọ́sítọ́ọ̀mù ló ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró lórí ìlà. Èyí tí ẹ fi ọwọ́ kọ nìkan kò tó mọ́: ẹ lè ṣe é nílé lórí Click-N-Ship, èyí tó wà lórí wẹ́ẹ̀bù USPS, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, tàbí kí ẹ kún PS Form 2976-R, kí akọ̀wé tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. «Ẹ̀bùn» àti «oúnjẹ» kì í ṣe àlàyé. Ẹ kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó jẹ́, iye rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti owó rẹ̀. Gaari, ẹ pè é ní ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ gbígbẹ ní Gẹ̀ẹ́sì (dried cassava flour), nítorí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lè má gbọ́ gaari rí. Fọ́ọ̀mù á tún bi yín bí wọ́n bá kùnà láti fi jíṣẹ́: ṣé kí wọ́n dá a padà ni, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ nù? Bó bá jẹ́ oúnjẹ nìkan, dídá a padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Bó bá jẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì

Ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì náà, ṣùgbọ́n ìṣirò yí padà pátápátá. BFPO, ìyẹn ilé ìfìwéránṣẹ́ àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì, ni ti wọn: orúkọ, ipò, nọ́ńbà iṣẹ́, ẹgbẹ́, nọ́ńbà BFPO, láìsí orúkọ ìlú tàbí orílẹ̀-èdè. Fún àwọn àdírẹ́sì iṣẹ́ ogun kan àti àwọn ọkọ̀ ojú omi, ètò kan wà fún ẹbí àti ọ̀rẹ́ láti fi ẹrù tí kò ju kílò 2 lọ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Post Office. Kílò 2 yẹn ló dojú ohun gbogbo dé. Ní Amẹ́ríkà, gaari ló ń jàǹfààní; níhìn-ín, àpò gaari kan ti jẹ gbogbo àyè tán. Ìpékeré, ata gbígbẹ, Milo kékeré, kúlíkúlí díẹ̀ àti lẹ́tà ni kí ẹ kó, kí ẹ sì pín in sí páálí méjì bó bá pọ̀. Fọ́ọ̀mù kọ́sítọ́ọ̀mù CN22 tàbí CN23 ni ẹ ó kún, gẹ́gẹ́ bí iye owó ohun inú rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ó ti kúrò lọ́wọ́ yín

Priority àti Ground Advantage ní ìdánilójú 100 dọ́là nínú, nítorí náà ẹ tọ́jú rìsíìtì ohun tí ẹ rà. Nọ́ńbà ìtọpinpin á máa sọ̀rọ̀ títí páálí fi kúrò lọ́wọ́ USPS ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn náà ó lè dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdákẹ́ yẹn kì í ṣe àdánù. Ẹ má tíì kọ̀wé ẹjọ́, ẹ má sì fi páálí kejì ránṣẹ́ nítorí ìpayà.

Ohun kan ṣoṣo tí a ò lè fi téèpù ṣàtúnṣe rẹ̀ ni kí ọmọ ti kúrò níbẹ̀ kí páálí tó dé. Bí ọjọ́ tó ń padà bá ti wà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ gbé gaari yẹn padà sínú fíríìsà, ẹ fi káàdì Exchange ránṣẹ́ sí i, kí ẹ sì din chin-chin mìíràn lọ́jọ́ tó bá wọlé.